Ọdún Tí A Sá fún Ẹran Iléyá

Ìjọ wa kò tóbi. Bí gbogbo wa bá pé, tọmọdé tàgbà, yàrá kan tí wọ́n fi páànù bò ní Àrẹ̀mọ n'Íbàdàn ló gbà wá, àyè sì tún ṣẹ́kù fún àwọn ewúrẹ́ tó bá fẹ́ gbọ́ ìwàásù. Aládùúrà ni wá, aláṣọ funfun, a kì í wọ bàtà bí a bá ti wọ sùtánà. Bàbá ìjọ tó dá a sílẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ télọ̀ rí kó tó gba ìpè, ìdí sì nìyẹn tí sùtánà tiwa fi máa ń bá wa lára mu ju ti àwọn ìjọ yòókù lọ.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Bàbá ìjọ, kì í bínú. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń dà á láàmú láàárín ọdún, ohun náà ni Iléyá. Agbo ilé Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwa ọmọ ìjọ ti wá. Ní ọdún tó ṣáájú èyí tí mo fẹ́ sọ, ọjọ́ Iléyá bọ́ sí ọjọ́ tí a máa ń ṣe ìsìn ìrọ̀lẹ́. Wọ́n lu agogo títí, èèyàn mẹ́rin ló wá: Bàbá ìjọ, ìyàwó rẹ̀ tí a ń pè ní Ìyá Ìjọ, bàbá mi, àti èmi tí bàbá mi fà lọ́wọ́. Àwọn tó kù wà nílé ẹbí wọn, ètè wọn ń dán fún ọ̀rá àgbò.

Káfíńtà ni bàbá mi, ó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá Bẹẹrẹ. Òun nìkan ni onígbàgbọ́ nínú gbogbo ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí. Ìyá àgbà yìí ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa nínú agbo ilé kan náà, kì í pa ìrun kankan jẹ. Láti ìgbà tí bàbá mi ti di Aládùúrà ni kò ti jẹ ẹran Iléyá mọ́. Ó ní ẹran ìrúbọ ni. Bí ọdún bá dé, Ìyá àgbà á bu ẹran sínú abọ́, á gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Bàbá mi á dọ̀bálẹ̀, á dúpẹ́, á sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e padà. Ìyá àgbà kì í jà. Wọ́n á wo abọ́, wọ́n á wo ọmọ wọn, wọ́n á yí padà. Ṣùgbọ́n fún odindi ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, bí wọ́n bá fẹ́ bá bàbá mi sọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n máa ń rán. Wọ́n á ní kí n lọ sọ fún ẹni tó bí mi pé òrùlé ń jò. Bàbá mi á sì jókòó síbẹ̀ lójú wọn, á máa gbọ́.

Nígbà tí Iléyá tún kù bí oṣù kan, Bàbá ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù nípa àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aginjù. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin ló fi wà lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó sọ bí wọ́n ṣe rìn láìní oko, láìní ọjà, tí Ọlọ́run sì ń bọ́ wọn láràárọ̀ pẹ̀lú mánà. Àwa ọmọdé ò mọ ohun tí mánà jẹ́, a sì jiyàn lé e lórí gan-an. Ó ní ó funfun, ó sì dùn bí oyin. Èmi ti pinnu lọ́kàn ara mi pé súgà onígun ni. Ó tún ní ẹni tó bá fi pamọ́ di ọjọ́ kejì, yóò bá a tó ti dìdin. Ibi ìdin yẹn ló dùn mọ́ wa nínú jù.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹrin ló wá tú ohun tó wà níkùn rẹ̀ síta. Ó ní ọjọ́ tó bá ku ọ̀la Iléyá, gbogbo ìjọ yóò jáde nílùú, a óò lọ sórí òkè kan lẹ́yìn ìlú, a óò sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú oúnjẹ dání, ì báà ṣe ẹyọ gààrí kan. Ẹni tó bá mú oúnjẹ lọ́wọ́ ti sọ fún Ọlọ́run pé apá Rẹ̀ kò ká a. Gbogbo wa ṣe àmín. Àmín ti ìyá mi ló ròkè jù.

Òwú ìránṣọ àti bọ́tìnnì ni ìyá mi ń tà ní Ọjà'ba, kì í sì í fi ohunkóhun sílẹ̀ fún àkọsẹ̀bá. Bí òjò bá ṣú ní Ìjẹ̀bú, yóò ti kó igbá rẹ̀ wọlé n'Íbàdàn. Ní ìdájí ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, ó pè mí sẹ́yìn ilé, ó gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ mẹ́fà tó ń gbóná jáde, ó fi ọ̀já dè wọ́n mọ́ mi níkùn, ó sì fa sùtánà bò wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Mo rán an létí ohun tí Bàbá ìjọ sọ.

Ó ní, "Ó ní ká má gbé oúnjẹ dání. Ṣé a gbé e dání? A dè é ni."

Báyìí ni mo ṣe ń rìn bí aláboyún jáde nílé. Ìyá àgbà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń run orín. Wọ́n bi bàbá mi léèrè ta ni yóò máa bọ́ wa lórí òkè. Bàbá mi dáhùn pé Ọlọ́run ni. Wọ́n mi orí. Wọ́n wá fọwọ́ lé mi níkùn bí ẹni fẹ́ ṣàdúrà fún mi, ewé sì dún lábẹ́ ọwọ́ wọn. Wọ́n wo ìyá mi. Ìyá mi wo òkè bí ẹni ń wá òjò. Ìyá àgbà padà sídìí orín wọn.

A gba Bẹẹrẹ, a gba abẹ́ Mápó. Ibi gbogbo ni wọ́n so àgbò mọ́, lẹ́nu ọ̀nà, lára igi, lára kẹ̀kẹ́, gbogbo wọn ń ké. Bí àgbò bá ké, Bàbá ìjọ á lu agogo kó lè bò ó mọ́lẹ̀. Ní Ọjà'ba, àwọn apọ́nbẹ jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ọ̀bẹ ń ta iná lára òkúta wọn. Ní Oríta-mẹ́rin, àwọn obìnrin tó ń ta ata ń bi wá ibi tí à ń lọ nígbà tí ọdún ku ọ̀la. Bàbá ìjọ ní ká má dá wọn lóhùn, ká má sì wẹ̀yìn, pé ìyàwó Lọ́ọ̀tì ló wẹ̀yìn. Mo gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀ ń jó mi, mo sì ń ta pọ́nhún pọ́nhún. Ìyá kan tó wà lẹ́yìn mi sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé ẹ̀mí ti ń gbé ọmọ náà.

Oòrùn ti kan àtàrí kí a tó dé orí òkè. Àpáta pẹlẹbẹ ni, igi yí i ká, ìsun omi kan sì wà nísàlẹ̀. A kọrin, a gbàdúrà, a tún kọrin. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo ṣàkíyèsí pé olúkúlùkù ló ṣàdédé ní àdúrà ìkọ̀kọ̀ tó fẹ́ dá gbà. Ẹnì kan á dìde, á gba ẹ̀yìn àpáta lọ. Òmíràn á gba inú igbó. Ìyá mi náà fà mí lọ sídìí igi kan, a jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ku mẹ́rin.

Bí mo ti ń padà bọ̀ ni mo já lu Ìyá Ìjọ. Ó lóṣòó sẹ́yìn òkúta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú, èèpo ẹ̀pà sì wà lórí itan rẹ̀. A wo ara wa.

Ó ní, "Àdúrà ni mò ń gbà."

Mo ní, "Àmín, mà."

Ó bu ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan fún mi. Nígbà tí mo dé orí àpáta, bàbá mi nìkan ló jókòó síbẹ̀. Ó ń mu omi nínú ife, ó sì ń rọra kọrin. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ẹ̀pà wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ sọ pé mo ti rí i, mo bá jẹ ẹ́ tán kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Iléyá gan-an. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. A fò, a jó, a pàtẹ́wọ́, ọ̀lẹ̀lẹ̀ mẹ́rin sì ń fò pẹ̀lú mi. Nígbà tó di ọ̀sán, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Mo kọ́kọ́ rò pé èmi nìkan ló ń gbọ́ ọ. Bàbá ìjọ dá orin dúró láàárín, ó gbé imú sókè.

Ó ní, "Ẹ̀mí àìmọ́ kan ti wọ àárín wa."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín wa, ó ń fi imú wá ẹ̀mí náà kiri. Ó kọjá lára àwọn ọkùnrin, ó kọjá lára àwọn obìnrin, ó dé iwájú mi, ó dúró. Àárín ìgbà yẹn ni omi kíkan kan ṣàn gba itan mi wálẹ̀. Ẹkún ni mo bú sí. Mo gbé sùtánà sókè, mo tú ọ̀já, ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó ti rà bọ́ sílẹ̀ lórí àpáta.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá mi wò mí, ó sì wo ìyá mi. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní òun ni kí wọ́n bá wí, kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀. Ó yẹ kó dákẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọjà'ba ni ìyá mi.

Ó ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. Àmọ́ tèmi ló kàn tètè bàjẹ́."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú àwọn èèyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wo ti ẹni tibí, ó wo ti ẹni tọ̀hún. Ìyá Ìjọ ni kò lè fara dà á. Ó tú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó kó ẹ̀pà jáde. Àfi bí ẹni pé wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ẹnì kan mú gààrí jáde nínú ìbọ̀sẹ̀ tó fi ṣe àpò, òmíràn mú dùndú jáde, ẹja gbígbẹ jáde, kókóró jáde, ìgò oyin kékeré kan náà jáde. Bàbá arúgbó kan wà nínú wa tí epo ti wà lára fìlà rẹ̀ láti àná. Gbogbo wa ti rò pé òróró àdúrà ni. Ó ṣí fìlà, àkàrà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Níkẹyìn, Bàbá ìjọ alára ki ọwọ́ sínú àpò Bíbélì rẹ̀, ó mú bísíkíìtì jáde. Ó ní nítorí inú rírun ni.

Bàbá mi nìkan ni kò ní nǹkan kan. Ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo, ó ń wo gbogbo wa. Bí ẹni tó pẹ́ dé ibi ìpàdé ló rí, tí wọn ò sì sọ fún un pé wọ́n ti yí i padà.

Bàbá ìjọ ní ká kó ọ̀lẹ̀lẹ̀ dànù sínú igbó, ká sì kó oúnjẹ yòókù jọ sórí òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó ní ká dojúbolẹ̀ tọrọ àforíjì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lajú títí òun yóò fi ṣe àmín. Kò sọ ohun tí a óò fi oúnjẹ náà ṣe lẹ́yìn àforíjì, ṣùgbọ́n ó yé gbogbo wa.

Àdúrà náà gùn. Ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ wa láti orí Ádámù bọ̀. Mo gbọ́ tí nǹkan ń dún fẹ̀rẹ̀ fẹ̀rẹ̀, mo bá la ojú kan. Ìjímèrè mẹ́rin ló wà lórí òkúta. Ọ̀kan ń bó ẹ̀pà pẹ̀lú sùúrù bí àgbàlagbà. Ọ̀kan ti ki orí bọ inú ìbọ̀sẹ̀ gààrí. Ọ̀kan fa ẹja, èkejì ń fà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kígbe. Ṣùgbọ́n bí mo bá kígbe, gbogbo ayé á mọ̀ pé mo lajú nínú àdúrà, ẹ̀ṣẹ̀ kan sì ti wà lọ́rùn mi lọ́jọ́ náà. Mo pa ẹnu mọ́. Mo ń wò wọ́n títí wọ́n fi jẹ èyí tí wọ́n lè jẹ, tí wọ́n sì kó ìyókù gorí igi.

Nígbà tí mo ti dàgbà, tí mo ti bímọ tèmi, ni mo tó sọ ọ̀rọ̀ ìjímèrè yìí fún bàbá mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun náà lajú. Òun rí wọn ṣáájú mi, òun sì sọ nínú ọkàn òun pé kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lọ.

Nígbà tí Bàbá ìjọ ṣe àmín, a dìde, a yí ojú sí òkúta. Ó mọ́ tónítóní. Bàbá arúgbó tó ni àkàrà ní ó jọ pé Ọlọ́run ti gba ọrẹ náà.

Ìgbà yẹn ni ebi gidi wá dé. Ó dé bá ẹni tó jẹun ní àná, ó tún le ju ti ẹni tí kò jẹ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bàbá arúgbó ní òun ò mọ̀ bóyá ilẹ̀ ìsìnkú ti tán ní Àrẹ̀mọ ni wọ́n fi kó òun wá síbí. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ìhà ìlú, ẹnì kan sì búra pé òun ń gbọ́ òórùn ẹran díndín. Ọ̀nà jìn, kò lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ gbogbo wa gbé imú síbẹ̀.

Bàbá mi wá jókòó ti ìyá mi. Mo ti múra fún ìjà. Ó kàn rọra bi í, "Ṣé ìwọ ò gbà gbọ́ pé yóò bọ́ wa ni?"

Ìyá mi ní, "Mo gbà gbọ́. Mo kàn rò pé ó lè pẹ́ dé ni."

Ẹ̀rín pa bàbá mi, àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti kúrò nílé. Ó fún un ní omi inú ife rẹ̀ mu.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, oòrùn ti kúrò ní àtàrí, a wà níbi orin tí kò lágbára mọ́, nígbà tí mo rí orí agbọ̀n kan tó ń gòkè bọ̀ láàárín igi. Agbọ̀n kejì tẹ̀ lé e. Ìyàwó ilé méjì láti agbo ilé wa ló rù wọ́n. Lẹ́yìn wọn ni Ìyá àgbà, ọ̀pá lọ́wọ́, ìborùn lórí, wọ́n ń mí hẹlẹ. Wọ́n jókòó sórí òkúta kí ẹnikẹ́ni tó kí wọn, wọ́n sì ní kí àwọn ìyàwó ilé ṣí agbọ̀n. Ẹ̀kọ ló wà nínú ọ̀kan. Ẹran àgbò díndín ló kún inú èkejì.

Mo rí i tí ọ̀fun Bàbá ìjọ lọ sókè, tó sì padà wálẹ̀. Ó kí Ìyá àgbà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá bi wọ́n léèrè bóyá ẹran ọdún ni.

Wọ́n ní, "Ẹran àgbò ni. Ó ní ìwo méjì."

Bàbá ìjọ yọ fìlà, ó tún dé e. Ó ṣàlàyé fún wọn pé a wá síbí kí Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ lè bọ́ wa, kì í ṣe pé a kẹ́gàn oore wọn. Ìyá àgbà gbọ́ ọ títí dé òpin. Ojú ọmọ wọn ni wọ́n wá kọ sí, wọn ò rán mi níṣẹ́ sí i lọ́tẹ̀ yìí.

"O sọ fún mi pé Ọlọ́run ló máa bọ́ yín. Mi ò jà ọ́ níyàn. Láti asùbá ni mo ti jí, ẹsẹ̀ yìí ò gbé mi dé Ọjà'ba láti ọjọ́ yìí, ó gbé mi dé ibí lónìí. Ta lo rò pé ó jí mi?"

Bàbá mi wo Bàbá ìjọ. Mo mọ̀ pé bí Bàbá ìjọ bá mi orí, bàbá mi yóò dọ̀bálẹ̀, yóò dúpẹ́, wọn yóò sì tún gbé agbọ̀n padà, nítorí bó ṣe le tó nìyẹn. Bàbá ìjọ ní nínú gbogbo ohun tí òun ti kà nípa àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, òun ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti bi ẹyẹ àparò tí Ọlọ́run fi bọ́ wọn ní àgọ́ wọn léèrè pé ta ló ni í.

Ó ní ká gbàdúrà sí oúnjẹ. Àdúrà tó kúrú jù tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láyé nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó di ojú nínú wa.

Bàbá mi ni Ìyá àgbà kọ́kọ́ fún. Wọ́n yan èyí tó lọ́ra, wọ́n fi lé ẹ̀kọ, wọ́n nà án sí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á lórí ìkúnlẹ̀. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń sunkún, ó sì ń jẹ. Ìyá àgbà ní kó má fi omi ojú ba adùn iyọ̀ jẹ́, pé àwọn ti fi iyọ̀ sí i tó. Àwa tó kù ò sunkún. Bàbá arúgbó yẹn fi fìlà rẹ̀ gba tirẹ̀.

Nígbà tí a jẹ tán, a dúpẹ́, a sì ní ká máa lọ ilé. Ìyá àgbà fẹ́ dìde, orúnkún wọn kọ̀. Gígun òkè ti tán wọn lágbára. Àwọn ìyàwó ilé ní àwọn á dì wọ́n mú lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú wọn, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Wọ́n ní àwọn ò gun ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni, àwọn kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ó ṣì bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n wò yí ká, wọ́n rí i pé gbogbo ìjọ ń dúró, wọ́n wá gùn ún.

Ó pọ̀n wọ́n sọ̀ kalẹ̀, aṣọ funfun rẹ̀ wọ́ nílẹ̀, èmi mú ọ̀pá wọn lẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ òkúta, Ìyá àgbà á ní kó rọra, pé bí àwọn ṣe pọ̀n ọ́n kọ́ nìyí, àwọn kì í mì ín báyìí. Bàbá mi á ní kí wọ́n má bínú. Títí a fi dé ìsàlẹ̀, wọ́n ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pọn èèyàn.